Chia aṣálẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ewéko ìgbẹ́ tí hóró rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ

Tí a bá dárúkọ chia lónìí, àpò kékeré inú súpámákẹ́ẹ̀tì ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Chia mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í gbé sórí igbá ní ọjà wa. Fúnra rẹ̀ ló ń hù nínú aṣálẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ sì ti ń jẹ ẹ́ kí òyìnbó kankan tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn. Mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí nítorí pé ohun tí wọ́n ń sọ nípa hóró náà pọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn tó tọ́jú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ewéko wo gan-an là ń sọ?

Salvia columbariae ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ ọ́n sí. George Bentham, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1833. Àwọn Cahuilla, ọmọ ìbílẹ̀ gúúsù Kalifọ́níà, tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́ ṣáájú Bentham, ń pè é ní pasal. Inú ẹbí kan náà ni òun àti ẹfinrin wa wà, ẹni tó bá sì ti já ẹfinrin rí kò ní ṣàì dá ẹbí náà mọ̀: igi rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ewé rẹ̀ ń ta òórùn bí a bá fọwọ́ rá a, òdòdó rẹ̀ sì ní ètè méjì.

Ewéko kékeré ni. Òmíràn kò ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, òmíràn lè tó 50. Bí òjò ọdún náà bá ṣe rọ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ mọ́ yanrìn, ó hunjọ, etí rẹ̀ sì gé wọnú. Láti àárín àwọn ewé yìí ni igi tínínrín kan ti ń yọ gòkè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ewé lára igi náà rárá, orí roboto kan ló máa ń wà lórí rẹ̀, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀kan lókè èkejì, tí igi á gba àárín wọn kọjá. Ẹ̀gún ṣóńṣó aláwọ̀ pupa dúdú ló yí orí náà ká, àwọn òdòdó búlúù wẹ́wẹ́ á sì máa yọjú láàárín wọn. Bí òdòdó bá rẹ̀, ife kékeré tó gbé e ró á kù, inú ife yẹn ni hóró wà, ó lè tó mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Hóró náà kò ju mílímítà méjì lọ. Ó dán, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ eérú tó da pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀.

Ibo ló ti ń hù?

Kalifọ́níà, Nevada, Utah, Arizona àti New Mexico ní Amẹ́ríkà; Baja California àti Sonora ní Mẹ́síkò. Aṣálẹ̀ Mojave àti aṣálẹ̀ Sonora ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún lè bá a pàdé lórí àwọn òkè tó sún mọ́ òkun ní gúúsù Kalifọ́níà, níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ yanrìn tàbí taàrá tí oòrùn sì ń ràn dé ìdí rẹ̀.

Kì í lò ju ọdún kan lọ láyé. Òjò ìgbà òtútù ló ń jí i, á tanná láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, bí ooru bá wá mú, á gbẹ lórí ìdúró. Hóró rẹ̀ ló ń dúró de òjò tó kàn. Bí ọ̀dá bá sì dá, ó lè sùn sínú yanrìn títí di ọdún tí òjò bá dára.

Ṣé òun náà ni chia tí wọ́n ń tà nínú àpò ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù?

Rárá o. Èyí tí wọ́n ń tà ni Salvia hispanica. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé wọn yàtọ̀, ìtàn wọn náà sì yàtọ̀. Mẹ́síkò àti Guatemala ni Salvia hispanica ti wá. Ó lè ga ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, ewé rẹ̀ fẹ̀, oko ni wọ́n sì ti ń gbìn ín láti ayébáyé. Àwọn Aztec, tó jọba ní Mẹ́síkò kí àwọn ará Sípéènì tó dé, máa ń gbà á gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú tó wà lábẹ́ wọn. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ alàwòrán tí wọ́n ṣe ní Mẹ́síkò ní àwọn ọdún 1540, níbi tí wọ́n ti ka ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń san. Lónìí, Bolivia, Paraguay, Argentina, Mẹ́síkò àti Australia wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín tà. Ọdún 2009 ni àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi hóró rẹ̀ sínú búrẹ́dì.

Chia aṣálẹ̀ kò tíì wọ oko ńlá bẹ́ẹ̀. Ó kúrú, ó lẹ́gùn-ún, owó òjò ló sì ń ná. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àpò chia tí wọ́n ya àwòrán àwọn jagunjagun Aztec sí lára, tí wọ́n wá fi ìtàn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kalifọ́níà pọ́n ọn lé nídìí, ẹ mọ̀ pé ìtàn ẹ̀yà méjì ni wọ́n pò pọ̀. Mi ò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan la ń kọ sórí orúkọ ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà. Àwọn kan máa ń ta hóró ẹfinrin wẹ́wẹ́ fún èèyàn bíi chia. Hóró ẹfinrin dúdú látòkèdélẹ̀, kì í pẹ́ wú bó bá kan omi, ohun tó sì máa ń yí i ká funfun, ó nípọn. Hóró Salvia hispanica ní tirẹ̀ ní àmì tótòtó, eérú, dúdú àti funfun. Méjèèjì ló ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ohun tí a sanwó fún ló yẹ kí a gbé lọ sílé.

Ṣé òun ni sage tí wọ́n ń sun, tí wọ́n ń fi èéfín rẹ̀ fọ ilé mọ́?

Òun kọ́. Salvia apiana nìyẹn, igi kékeré tí ewé rẹ̀ funfun, tó ń hù ní gúúsù Kalifọ́níà àti Baja California, tí kì í sì í kú lọ́dọọdún. Ìbátan chia aṣálẹ̀ lòun náà, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sì ń jẹ hóró tirẹ̀ pẹ̀lú. Èmi yóò bẹ ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń rà á: àwọn olè máa ń wọ igbó lọ gé e ní ìdì ìdì láti tà á, ó sì ń ṣọ̀wọ́n ní àwọn ibì kan tó ti pọ̀ rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá oko ló ti gé e. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Àwọn igbó eléérú tó bo ilẹ̀ Nevada lọ súà, tí wọ́n ń pè ní sagebrush, kò bá èyíkéyìí nínú wọn tan. Ẹbí mìíràn ni.

Àwọn wo ló ń jẹ chia aṣálẹ̀?

Àwọn Cahuilla, Chumash, Luiseño, Serrano, Tongva àti Kumeyaay ní gúúsù Kalifọ́níà. Àwọn O'odham ní Arizona àti Sonora. Ó wà lára oúnjẹ pàtàkì fún wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Sípéènì tí Gaspar de Portolá kó lẹ́yìn rin etíkun Kalifọ́níà ní 1769, àlùfáà Juan Crespí tó bá wọn rìn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ń gbé oúnjẹ onírúurú hóró wá pàdé wọn ní ibùdó kan sí òmíràn. Àlejò tí wọn kò mọ ìdí tó fi wá ni wọ́n ń bọ́.

Mo ń sọ "ń jẹ", n kò sọ "máa ń jẹ nígbà kan rí". Àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣì wà. Katherine Siva Saubel, àgbà obìnrin Cahuilla tó kú ní 2011, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣàkọsílẹ̀ orúkọ àti ìlò ewéko ìlú rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó dá Malki Museum sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, nínú ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní Morongo, nítòsí Banning. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ lónìí nípa bí wọ́n ṣe ń lo pasal, ẹnu irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ló ti wá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kórè rẹ̀?

Àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ yìí jù. Wọn kì í ṣẹ́ ẹ, wọn kì í fà á tu. Bí àwọn orí roboto yẹn bá ti gbẹ tí wọ́n di àwọ̀ ilẹ̀, ẹnu ife inú wọn á ṣí, hóró á wà nísàlẹ̀ ife láìtíì bọ́. Obìnrin náà á gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sábẹ́ orí gbígbẹ náà, á mú ohun ìlù kan dání tí wọ́n fi ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ hun, tó ní ọwọ́ tí ojú rẹ̀ sì ní ihò. Á tẹ igi chia náà síhà apẹ̀rẹ̀, á lù ú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, hóró á dà sínú apẹ̀rẹ̀, á sì kọjá sí èyí tó kàn. Ìlù náà kò gbọdọ̀ le: bó bá le jù, ẹ̀gún àti ìràwé ló máa kún apẹ̀rẹ̀.

Hóró díẹ̀ máa ń ta sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe òfò. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ nìyẹn tí yóò hù lọ́dún tó ń bọ̀, igi tó sì dúró ní ààyè rẹ̀ ṣì ní hóró tó kù fún àparò, àdàbà àti àwọn èèrà tó ń kó hóró lọ sínú ihò wọn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fẹ́ ẹ. Wọ́n á da á sórí atẹ, wọ́n á máa jù ú sókè kí atẹ́gùn gbé ìyàngbò lọ. Hóró náà kéré gan-an, atẹ́gùn tó bá lágbára jù á gbé ìyàngbò, á gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ló ń mọ ìwọ̀n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?

Yíyan ló kọ́kọ́ ń ṣe. Inú atẹ tí wọ́n fi koríko hun náà ni wọ́n ti ń yan án, láìsí ìkòkò. Wọ́n á da hóró sínú atẹ, wọ́n á da ẹ̀yín iná lé e lórí, wọ́n á wá máa mi atẹ náà kíákíá, kí iná má bàa dúró lójú kan. Bí ọwọ́ bá dá dúró, atẹ á jó. Bí ọwọ́ bá yá dáadáa, hóró á yan, òórùn rẹ̀ á jáde, wọ́n á gbọn ẹ̀yín iná kúrò, atẹ náà á sì wà láìlábàwọ́n fún ọjọ́ mìíràn.

Orí ọlọ ló kàn. Wọ́n á lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun yìí sì ni orírun gbogbo oúnjẹ tó kù: wọ́n lè pò ó mọ́ omi tútù kí wọ́n mu ún, wọ́n lè sè é bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n lè pò ó mọ́ ìyẹ̀fun hóró mìíràn kí wọ́n mọ ọ́n ní àkàrà pẹlẹbẹ. Àwọn mìíràn kì í lọ̀ ọ́ rárá, wọ́n á da hóró odidi sínú omi, wọ́n á dúró kó wú, wọ́n á mu ún. Nígbà ooru, ìyẹn ló wù wọ́n jù. Hóró tí wọ́n kò tíì lọ̀ máa ń pẹ́ nípamọ́ bó bá gbẹ. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí epo inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Kí ló dé tó fi ń yọ̀?

Ẹ da fínńfín kan sínú ife omi kí ẹ sì wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú kan, nǹkan tó mọ́ gaara bí omi á yí hóró kọ̀ọ̀kan ká. Bó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn òrùka yẹn á ti so pọ̀, omi á nípọn, bí ẹ bá sì fi ṣíbí gbé e, á fà bí ilá. Èèpo ara hóró ló ń ṣe é. Oríṣi ṣúgà kan tó so gígùn wà nínú èèpo náà, ó ká jọ nígbà tó gbẹ, bí omi bá kàn án, á tú, á sì di omi náà mú. Ti Salvia hispanica tí wọ́n ti wọ̀n lè fa omi tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú aṣálẹ̀, ẹ̀mí ló jẹ́. Òjò tó rọ̀ lónìí lè má rọ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Hóró tó lè di omi mú mọ́ra ní àsìkò láti yọ gbòǹgbò. Bí yíyọ̀ náà bá sì gbẹ, á lẹ hóró mọ́ yanrìn, kò ní rọrùn fún atẹ́gùn láti gbé e lọ, kò sì ní rọrùn fún èèrà láti wọ́ ọ.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń dáná sun ilẹ̀ kí ó lè hù?

Òótọ́ ni, ibí sì ni ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí jù. Àwọn Chumash àti àwọn ẹ̀yà tó yí wọn ká máa ń dáná sun pápá ní àsìkò tí wọ́n mọ̀, lẹ́yìn ìkórè hóró. Crespí tí mo dárúkọ lókè kọ ọ́ ní 1769 pé òun rí ilẹ̀ koríko tí àwọn ará ibẹ̀ ti sun. Àwọn òyìnbó tó wá lẹ́yìn rẹ̀ rò pé ìwà àìbìkítà ni. Oko ni wọ́n ń wò tí wọn kò mọ̀ pé oko ni.

Ohun tí iná ń ṣe nìyí. Lórí àwọn òkè Kalifọ́níà, igbó ṣúúrú máa ń bo ilẹ̀, chia kò sì lè gbé lábẹ́ òjìji. Iná á kó igbó náà kúrò, oòrùn á kan ilẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn onímọ̀ ti dán an wò, wọ́n sì rí i pé èròjà tó ń jáde lára igi tó di èédú máa ń jí hóró chia tó ti ń sùn nínú ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn iná, ibi tó ti jẹ́ eérú á bú jáde pẹ̀lú chia. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, igbó á tún bò ó, hóró á padà sùn. Àwọn tó ń dáná yìí mọ ìyípo náà, wọ́n sì mọ ibi tí ó kàn láti sun. Nínú aṣálẹ̀ gan-an, níbi tí igbó kò ti nípọn, òjò ló ń ṣe iṣẹ́ jíjí náà, kò nílò iná.

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1793, José Joaquín de Arrillaga, tó ń ṣe gómìnà fún ọba Sípéènì ní Kalifọ́níà, gbé òfin jáde pé kí ẹnikẹ́ni má dáná sun pápá mọ́. Koríko màlúù ni wọ́n ń dáàbò bò. Màlúù ń pọ̀ sí i, koríko àjèjì láti Yúróòpù ń bò ilẹ̀, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sínú ọgbà àwọn ìjọ míṣọ́nnárì. Òfin kan ṣoṣo yẹn gba iná lọ́wọ́ wọn, nígbà tí iná sì lọ, oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ìjọba Amẹ́ríkà tó jẹ lẹ́yìn náà kò yí èyí padà. Ó tún mú un le sí i ni. Ọdún 2021 ni Kalifọ́níà ṣòfin kan tó dín gbèsè tó lè já lé orí ẹni tó bá dáná sun ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀ bí iná náà bá ré kọjá ààlà, bí ẹni náà bá ti ṣe é bó ṣe yẹ. Igba ọdún ó lé méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín òfin méjèèjì.

Wọ́n ní ṣíbí kan péré ń gbé ènìyàn rìn láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Cephas Bard, dókítà òyìnbó kan ní Ventura ní Kalifọ́níà, ló kọ ọ́ ní 1894 pé ṣíbí ńlá kan tó fún ọmọ ìbílẹ̀ tó ń rìn kíkankíkan fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́jà ti ń tún un kọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan chia tó nǹkan bíi gíráàmù 12, agbára tó wà nínú rẹ̀ kò sì ju bíi 60 kálóórì lọ. Àgbàlagbà tó bá ń rin ìrìn àárọ̀ dalẹ́ ń lò ju 2,000 lọ. Kò lè jẹ́ pé ṣíbí kan ló gbé e.

Ohun tí mo gbà ni pé ó jẹ́ oúnjẹ arìnrìn-àjò tó dára: kò wúwo, kì í bàjẹ́, omi ló ń fẹ́, kò fẹ́ iná, ó sì máa ń pẹ́ nínú. Ìyẹn ti tó ìyìn fún hóró tó kéré bẹ́ẹ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe ara lóore?

Ìṣirò tó wọ́pọ̀, ti Salvia hispanica ni. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, purotéènì tó bíi gíráàmù 17, epo tó 31, fáíbà tó 34, calcium sì tó mílígíráàmù 630. Púpọ̀ nínú epo náà jẹ́ oríṣi omega-3 tó ń wá láti ara ewéko. Chia aṣálẹ̀ náà ní epo yìí, ó ní fáíbà, ó sì ń yọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé iye tí wọ́n kọ sára àpò èkejì lé e lórí bí ẹni pé òun ni wọ́n wọ̀n.

Ṣé oògùn ni?

Oúnjẹ ni kó tó di oògùn. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń lò ó fún ìtọ́jú lóòótọ́. Wọ́n máa ń fi hóró kan sábẹ́ ìpéǹpéjú ẹni tí yanrìn wọ̀ lójú. Á yọ̀, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á yọ méjèèjì pa pọ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n hóró tí a rà lọ́jà kò mọ́ tó láti wọ ojú, ẹ má dán an wò.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní University of Southern California fi hàn pé tanshinone wà nínú rẹ̀, èròjà tó tún wà nínú danshen, gbòǹgbò tí àwọn ará Ṣáínà ń lò fún àìsàn ọkàn. A sì mọ̀ pé danshen àti warfarin kì í bára wọn gbé: ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè ṣẹ̀jẹ̀ bó bá pa wọ́n pọ̀. Ẹ jìnnà sí gbòǹgbò rẹ̀ àyàfi tí dókítà yín bá mọ̀ sí i. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé chia ń wo rọpárọsẹ̀ tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ọjà rẹ̀ ló ń polówó.

Ewu wo ló wà nínú jíjẹ ẹ́?

Ewu tó tóbi jù ni kí a gbé e mì ní gbígbẹ. Ní 2014, níbi ìpàdé àwọn dókítà ikùn ní Amẹ́ríkà, wọ́n ròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 39 kan tó da ṣíbí kan hóró chia gbígbẹ sẹ́nu tó sì fi omi tì í. Hóró wú ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó dí i pa, dókítà ló fi ẹ̀rọ yọ ọ́. Bí omi ṣe ń mú un wú nínú ife, bẹ́ẹ̀ ló ń mú un wú lọ́fun. Ẹ rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi wú kí ẹ tó jẹ ẹ́, pàápàá bí oúnjẹ bá ti máa ń há yín lọ́fun tẹ́lẹ̀ tàbí bó bá jẹ́ ọmọdé tàbí arúgbó lẹ fẹ́ fún. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀: fáíbà tó pọ̀ lójijì máa ń kún inú.

Ṣé mo lè gbìn ín?

Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, mi ò rò pé á ṣe dáadáa. Òtútù díẹ̀ àti òjò fẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń dàgbà, ilẹ̀ tó ń jò bí asẹ́ ló fẹ́. Òjò oṣù kẹfà wa á rà á láti gbòǹgbò. Àti pé kò bófin mu láti fi irúgbìn sínú àpò kí a gbé e wọ Nàìjíríà. Ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ewéko tó ń wọ̀lú wò, kọjá pẹ̀lú ìwé àṣẹ, nítorí kòkòrò àti àrùn tó lè bá a wọlé.

Ẹ̀yin tó wà ní Los Angeles, San Diego tàbí Phoenix ni mo lè sọ fún pé kí ẹ gbìn ín. Ẹ ra irúgbìn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ewéko ìbílẹ̀. Theodore Payne Foundation ní Sun Valley, ní Los Angeles, jẹ́ ọ̀kan tó gbajúmọ̀. Ìgbà tí ooru bá rọlẹ̀, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ fọ́n ọn. Ẹ fọ́n ọn sójú ilẹ̀ kí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má bò ó jinlẹ̀. Kò fẹ́ ajílẹ̀, kò fẹ́ omi púpọ̀, oòrùn ni kí ẹ fún un. Bí ẹ bá fi díẹ̀ sílẹ̀ láìkórè, òun fúnra rẹ̀ á tún ara rẹ̀ gbìn.

Ṣé mo lè wọ aṣálẹ̀ lọ kórè rẹ̀?

Nínú Joshua Tree National Park àti Anza-Borrego Desert State Park, ọgbà ìjọba méjì ní aṣálẹ̀ Kalifọ́níà, òfin kò gbà yín láyè láti já ewéko. Ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, tiwọn ni. Ẹ má wọ ibẹ̀ lọ kórè láìgba àṣẹ. Ilẹ̀ ìjọba mìíràn ní òfin tirẹ̀, kí ẹ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ọ kí ẹ tó gbé apẹ̀rẹ̀ jáde.

Ṣé ó ń pòórá?

Kò tíì sí nínú àwọn tó fẹ́ pa run, ibi tó ń gbé ló ń yí padà. Músítádì Sàhárà, ewéko àjèjì tó wá láti àríwá Áfíríkà àti agbègbè tó yí i ká, ti tàn kálẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Kalifọ́níà àti Arizona. Ó ń tètè hù lẹ́yìn òjò, ó ń fẹ ewé bo àwọn ewéko kéékèèké, ó sì ń mu omi tó yẹ kó kàn wọ́n. Koríko pupa kan tó wá láti Yúróòpù ń kún àlàfo tó wà láàárín igi, bó bá gbẹ, iná á gbà á ránmú, aṣálẹ̀ tí kì í jó á wá máa jó léraléra. Irú iná yìí yàtọ̀ sí iná tí àwọn Chumash ń dá. Ọwọ́ kankan kò darí rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń lọ fa músítádì náà tu ní Anza-Borrego, ẹni tó bá sì ń gbé nítòsí tó ní àkókò lè bá wọn ṣe é.

Ìgbà wo ni mo lè lọ wò ó?

Anza-Borrego àti ìsàlẹ̀ Joshua Tree, láti oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Lórí òkè tó ga, títí dé oṣù kẹfà. Ọdún tí òjò bá pọ̀ ló dára jù, bíi 2017, 2019 àti 2023, tí òdòdó bo aṣálẹ̀ káàkiri. Ẹ lọ ní àárọ̀ kí ooru tó mú, ẹ gbé omi dání, kí ẹ má sì kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ewé chia tẹ́ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́ kó tó rí i. Orí roboto aláwọ̀ pupa dúdú ni kí ẹ máa fojú wá.